Ọ̀wẹ̀ Igi Méjìlá

Ọjọ́ Ajé ni Dolfi já bọ́ láti orí àkàsọ̀, kì í sì í ṣe ìjábọ́ kékeré. Igi kànáfùrù tó ń gùn ga ju ṣọ́ọ̀ṣì Wawolesa lọ tòun ti agogo orí rẹ̀. Ó ti dé ìdajì ọ̀nà nígbà tí okùn tó so àkàsọ̀ ọparun náà mọ́ igi já. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ẹ̀ka kan gbà á, ó jù ú sílẹ̀, òmíràn tún gbà á, títí ó fi balẹ̀ sórí koríko pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ṣẹ́ sí ọ̀nà méjì. Nígbà tí Altin ìyàwó rẹ̀ sáré dé ibẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu ọkùnrin náà ni, "Agbọ̀n ńkọ́? Ṣé kànáfùrù inú ẹ̀ ò dànù?"

"Ìwọ lo dànù!" ni Altin wí, ó sì bú sẹ́kún.

Ẹkún náà ò pé ìṣẹ́jú kan. Ó fi etí aṣọ nu ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ: ìwọ, lọ yọ ilẹ̀kùn ahéré wá ká fi gbé e, ìwọ, sáré lọ pe ọkọ̀, ìwọ, gbé ẹnu rẹ dákẹ́, kì í ṣe òkú la fẹ́ gbé.

Bí Altin ṣe rí nìyẹn. Díákónì Agbo Karùn-ún ni. Ìjọ Wawolesa pín àwọn ọmọ rẹ̀ sí agbo mẹ́jọ, bí ilé bá ṣe sún mọ́ ilé sí, gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni agbo kọ̀ọ̀kan sì máa ń jọ gbàdúrà nínú ilé ọ̀kan lára wọn, tí wọ́n á máa ti ilé kan bọ́ sí òmíràn. Ilé mọ́kànlélógún ló wà nínú Agbo Karùn-ún, Altin sì ti ń ṣe ìyá wọn bọ̀ láti ọdún mọ́kànlá. Ẹni tó bá bímọ, ìkòkò Altin ló máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ bá kú, Altin ló mọ ẹni tó máa pa ẹlẹ́dẹ̀, ẹni tó máa yá wọn ní àga, àti ẹni tí kò gbọdọ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kejì.

Àwọn dókítà ìlú to egungun Dolfi, wọ́n da ohun funfun líle bò ó láti itan dé ìka ẹsẹ̀, wọ́n ní kò gbọdọ̀ fi tẹlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé e padà wálé. Bí Altin ṣe tẹ́ ẹ sórí ibùsùn tán báyìí, oko ló gbà lọ. Ó dúró sábẹ́ àwọn igi náà, ó gbójú sókè. Àwọn ìdì òdòdó, tí í ṣe kànáfùrù fúnra rẹ̀, ti ń pọ́n ní ṣóńṣó. Àwọn tó ń ṣe kànáfùrù mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: bí ìdì bá pọ́n, ọjọ́ mẹ́wàá ló kù, ó pọ̀ jù. Tí òdòdó bá ti là, ó ti di pàǹtí nìyẹn. Kànáfùrù kì í dúró de ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Noldi, alàgbà Agbo Karùn-ún, wọlé wá. Òun àti Dolfi jọ dàgbà ni. Ó bọ́ fìlà, ó kí aláìsàn, ó sì yíjú sí Altin.

"Díákónì, a ti sọ̀rọ̀. Gbogbo agbo ń bọ̀ lóko yín ní Sátidé. Ọ̀wẹ̀ ni."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀?"

"Ẹnu wa ni."

"Òrùlé Oma Lin ń jò. Ìyẹn ni mo kọ sílẹ̀ fún Sátidé. Ẹ lọ ṣe é."

"Ìyá àgbà fúnra ẹ̀ ló ní ká kọ́kọ́ wá síbí. Ó ní òun ti mọ ibi tóun ń gbé garawa sí."

Altin mi orí. "Alàgbà, ẹ gbọ́. Èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ lọ bá èèyàn nílé. Wọn kì í gbé e wá bá mi. Bí díákónì bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀wẹ̀, kí ni àwọn aláìní á máa wí?"

Noldi họ orí. "Wọ́n á ní ọkọ díákónì náà ní ẹsẹ̀ tó lè ṣẹ́."

Dolfi pariwo látinú yàrá. "Noldi, má dá a lóhùn mọ́ o! Máa kó wọn bọ̀! Obìnrin yìí fẹ́ kí kànáfùrù bàbá bàbá mi di òdòdó ìyàwó ni!"

"Ìwọ, dákẹ́! Ta ló já bọ́ láti orí igi?"

"Èmi ni mo já bọ́. Ìwọ náà, sọ̀ kalẹ̀!"

Noldi fi fìlà bo ẹnu. Altin kọ́kọ́ fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀, nígbà tó sì rẹ́rìn-ín tán, kò sí àwíjàre mọ́. Ó ní kò burú, kí wọ́n máa bọ̀.

Ṣùgbọ́n Noldi ò dìde. Ó ń yí fìlà náà lọ́wọ́. "Igi kéékèèké, ọwọ́ wa á ká a. Àwọn igi méjìlá tó wà lókè, àwọn ti bàbá bàbá ọkọ yín, Díákónì, kò sẹ́ni tó lè gùn wọ́n nínú wa. Dolfi ló ń gùn wọ́n, òun náà la sì gbé wálé yìí. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù lábúlé yìí."

"Ẹ má dárúkọ ẹ̀."

"Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

"Ẹ ti dárúkọ ẹ̀."

Meiske ni wọ́n ń sọ. Opó ni, kò tíì pé ogójì ọdún, kò sì sẹ́ni tó mọ igi gùn tó o láti etíkun dé orí òkè. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ márùn-ún tó ń bá a ká kànáfùrù kiri oko olóko. Ọmọ Agbo Karùn-ún ni tẹ́lẹ̀. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, agbo jọ jẹun ìdúpẹ́ ìkórè ní àgbàlá Noldi, onílé kọ̀ọ̀kan gbé abọ́ tirẹ̀ wá. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí Meiske tó dé, tààrà láti oko, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára, kò sì gbé nǹkan kan dání. Bó ṣe na ọwọ́ sí abọ́ báyìí, Altin, tí gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń darí ètò, ní, "Àwọn kan mọ ọ̀nà ìkòkò, wọn ò mọ ọ̀nà igi ìdáná." Gbogbo àgbàlá rẹ́rìn-ín. Meiske rọra gbé abọ́ náà kalẹ̀, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni Altin gbọ́ pé ọ̀gá oko tí Meiske ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ti sá lọ láìsan owó, pé àgbàdo sísè láìní ọbẹ̀ lòun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ ní gbogbo àkókò yẹn. Ó se ẹja aláta kan abọ́ ńlá, ó rán an sí i. Abọ́ náà padà wá, wọn ò tú aṣọ tó fi dì í. Láti ìgbà náà, Agbo Kẹta tó wà lódìkejì odò ni Meiske ń lọ. Altin sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ti ṣe tòun, ó sì gba ìyẹn gbọ́ fún ọdún mẹ́ta.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, ó lọ sílé Meiske. Obìnrin náà jókòó lábẹ́ igi gbẹ̀rẹ̀fútù, ó ń di àkàsọ̀ tuntun. Ó gbójú sókè, ó kí i bí wọ́n ṣe ń kí àgbà níbẹ̀, Tanta fún obìnrin, Om fún ọkùnrin.

"Ẹ káàsán, Tanta Altin. Ẹ jókòó. Ẹsẹ̀ Om Dolfi ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ ṣẹ́. Ẹnu ò ṣẹ́."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Meiske, ó gbé e mì. "Ṣé ẹja lẹ gbé wá lónìí náà?"

"Mi ò gbé nǹkan kan wá."

"Hẹn. Ọwọ́ òfìfo." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ìgbà téèyàn ń fún kókó okùn.

Altin jókòó sórí ìtì ọparun. "Meiske, àwọn igi méjìlá kan wà lókè oko wa."

"Mo mọ̀ wọ́n. Mo ti ń wò wọ́n lójú ọ̀nà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Èyí tó wà létí gegele yẹn, ẹ ò tètè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ mọ́." Ó gé orí okùn. "Ṣé iṣẹ́ lẹ fẹ́ gbé fún mi ni, àbí ọ̀wẹ̀? Tó bá jẹ́ iṣẹ́, mo ti gba tàwọn ará ìsàlẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Tó bá jẹ́ ọ̀wẹ̀, ọ̀wẹ̀ agbo ni. Mi ò sì sí lágbo yín."

"O wà níbẹ̀. Orúkọ rẹ ṣì wà nínú ìwé mi."

"Orúkọ mi wà nínú ìwé. Èmi ńkọ́? Èmi wà lójú ọ̀nà odò ní gbogbo Ọjọ́rú, òjò ń pa mí."

Altin wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo ṣẹ̀ ọ́. Mo mọ̀. Jọ̀ọ́, má bínú."

"Tanta," ni Meiske wí, "inú gbohùngbohùn lẹ ti bú mi. Ṣé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ wá fẹ́ fi bẹ̀ mí?"

Altin dìde, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà àgbàlá, kò bojú wẹ̀yìn. Ó lè lọ gba òṣìṣẹ́ láti ìlú mìíràn. Ó lè ta ẹlẹ́dẹ̀ méjì fi san owó wọn. Gbogbo rẹ̀ ló rò dé ìsàlẹ̀ òkè. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí kò fi í lọ́rùn sílẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Ẹ̀rín tí àwọn èèyàn rín ni. Ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ ọn. Ó dùn mọ́ ọn títí ó fi délé, tó tún sọ ọ́ fún Dolfi kó lè tún gbọ́ ẹ̀rín lẹ́ẹ̀kan sí i, Dolfi ò sì rín in. Ó dúró lójú títì, ó ní, "Áà, Olúwa," bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé òun ti ń gbé ẹrù ẹlẹ́rù. Lẹ́yìn náà ó padà sẹ́yìn, ó dúró ní ẹnu ọ̀nà Meiske, ó sì pariwo wọlé pé, "Ilé Oma Lin ni ìsìn! Aago mẹ́fà! O mọ ibẹ̀!"

Kò dúró gbọ́ èsì.

Yàrá Oma Lin kéré débi pé ìdajì agbo ló jókòó síta lórí ìjókòó gbọọrọ lábẹ́ òrùlé tó ń jò. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, Noldi ka Ìwé Mímọ́. Nígbà tó kan ìkéde, Altin dìde, ó na ọwọ́ gba gbohùngbohùn.

"Díákónì, a ń gbọ́ yín láìsí ìyẹn," ni ẹnì kan wí. "Yàrá náà ò ju abọ́ lọ."

"Mo mọ̀. Ẹ tan án." Wọ́n tan án. Ohùn rẹ̀ lọ kọjá ilé Oma Lin, ó lọ kọjá ọgbà ata ẹ̀yìn rẹ̀, ajá gbó lọ́nà jíjìn. "Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ní àgbàlá Alàgbà Noldi, mo fi ẹ̀rọ yìí kan náà bú Meiske nítorí pé kò gbé abọ́ wá. Kò ní nǹkan kan nílé lọ́jọ́ náà. Èmi díákónì, tó yẹ kí n mọ̀, mi ò mọ̀. Mi ò sì béèrè. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì dùn mọ́ mi. Mo jẹ̀bi. Kì í ṣe ẹja ló yẹ kí n gbé lọ bá a, orúnkún mi ni. Ẹni tó bá rí i, ẹ bá mi sọ fún un."

Oma Lin, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tí kì í sábà dìde nínú ìsìn, di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó nà ró.

"Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà," ló wí. "Mo rín in gan-an. Eyín mi mẹ́ta tó kù ló hàn. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà wá."

Wọ́n gbé e sí i lẹ́nu. Ó tún un sọ. Noldi dìde, ó ní òun rẹ́rìn-ín, àgbàlá òun ló sì ti ṣẹlẹ̀, òun ò sì sáré tẹ̀lé e. Ẹnì kan tún dìde, àti ẹlòmíràn, gbohùngbohùn ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Ìyàwó Noldi ní òun ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun ló jẹ oúnjẹ tí Meiske gbé kalẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín sọ lójúde, ohùn obìnrin kan sì ti inú òkùnkùn tó ń rọra bọ̀ jáde wá.

"Ó ti tó o! Ẹ ó pa bátìrì yẹn!"

Meiske ni, lórí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó ti dé. Ó rìn wá sí ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ tutù, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ún. Altin nawọ́ sí i. Meiske gba ọwọ́ náà, ó mì í lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń dán okùn wò.

"Mo gbọ́," ló wí. "Agbo Kẹta náà gbọ́. Odò náà gbọ́." Ó wá kọjú sí gbogbo ilé. "Mo máa bá àwọn ará ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n á fún mi ní Sátidé. Àwọn wo ló ní okùn tó nípọn? Mi ò fẹ́ okùn aṣọ. Okùn aṣọ ló ju Om Dolfi sílẹ̀."

Sátidé, kí oòrùn tó yọ dáadáa, èèyàn ogójì ó lé díẹ̀ ló wà lóko. Àwọn òṣìṣẹ́ Meiske márààrún wá, Agbo Kẹta náà sì rán ọkùnrin mẹ́rin wá, wọ́n ní àwọn tẹ̀lé ọmọ àwọn wá wo ibi tó ń lọ. Altin ti se àsáró àgbàdo àti elégédé ìkòkò mẹ́ta. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pín èèyàn sí abẹ́ igi nígbà tí Meiske fọwọ́ kàn án léjìká.

"Tanta, nídìí ìkòkò, ẹ̀yin ni díákónì. Nídìí àkàsọ̀, èmi ni. Ẹ wá di okùn yìí mú. Tí mo bá ní ẹ fà, ẹ fà. Tí mo bá ní ẹ tú u, ẹ tú u. Ẹ má gbàmọ̀ràn lọ́wọ́ ara yín."

Altin di okùn mú. Láti àárọ̀ dé ọ̀sán gangan, ohun tó rí nínú Meiske ò ju àtẹ́lẹsẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè, tó ń kọ orin tí wọ́n kọ ní Ọjọ́rú, tí àwọn tó wà lórí igi mìíràn ń gbè é. Agbọ̀n ń sọ̀ kalẹ̀ ní kíkún, òmíràn ń gòkè. Wọ́n gbé Dolfi wá sórí àga tòun ti ẹsẹ̀ funfun rẹ̀, wọ́n da kànáfùrù síwájú rẹ̀ kó máa já a kúrò lára ẹ̀ka wẹ́wẹ́ rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n ṣe rárá. Ṣùgbọ́n ó ní ohùn ìsàlẹ̀ tó dára, wọ́n sì fi í sílẹ̀ nítorí ìyẹn.

Wọ́n ká igi mẹ́sàn-án lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n padà wá láìsí ẹni tó pè wọ́n, wọ́n ká méjì sí i. Èyí tó wà létí gegele ti là kí wọ́n tó dé orí rẹ̀, ó funfun láti òkè délẹ̀, oyin sì bò ó. Meiske ní kò burú, oyin náà ń jẹun. Altin wò ó, ó sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro tó kù ni ibi tí wọ́n máa sá a sí nínú oòrùn. Àgbàlá Altin ò gba ìdajì. Pásítọ̀ ìjọ, obìnrin tí kì í pẹ́ nídìí ọ̀rọ̀, ní kí wọ́n sá a sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, síbi tí gbogbo ọkọ̀ máa ń dúró sí. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ ní ẹsẹ̀ náà. Wọ́n tẹ́ ẹní àti tapólì láti ẹnu ilẹ̀kùn títí dé etí títì. Kànáfùrù kún ibẹ̀, ó ń pọ́n, ó ń dúdú díẹ̀díẹ̀, òórùn rẹ̀ gba gbogbo abúlé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìsinmi, ó ku oòrùn ọjọ́ kan péré kó gbẹ. Àwọn olùjọsìn tò lọ́kọ̀ọ̀kan gba etí ẹní wọlé.

Ìwàásù ti dé àárín nígbà tí inú ṣọ́ọ̀ṣì ṣú. Ojú gbogbo èèyàn lọ sí fèrèsé. Òjò ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ó funfun, ó ń bọ̀ kíákíá. Altin di etí ìjókòó mú. Kò fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ dìde nínú ìwàásù. Kànáfùrù rẹ̀ ni. Ó wo Meiske tó jókòó sí ìlà kejì, Meiske náà ń wo pásítọ̀.

Pásítọ̀ dákẹ́. Ó wo fèrèsé, ó wo àwọn ọmọ ìjọ, ó sì pa Bíbélì dé.

"Ẹ̀yin ará," ló wí, "bí òjò yìí bá bá kànáfùrù yẹn níta, òun ló máa parí ìwàásù yìí fún mi. Ẹ dìde!"

Láti Agbo Kìíní dé Agbo Kẹjọ, wọ́n tú jáde. Àwọn akọrin ká aṣọ gígùn wọn sókè, wọ́n di etí tapólì mú. Àwọn àgbà ń fi fìlà kó. Oma Lin jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọ̀pá tọ́ka sí ibi tó kù. "Níbẹ̀ yẹn! Ẹ̀yìn rẹ, ẹ̀yìn rẹ!" Dolfi, tí wọn ò jẹ́ kó kúrò lórí àga rẹ̀, ń pariwo àṣẹ látinú ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Altin àti Meiske gbé ẹní tó kẹ́yìn, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, wọ́n ń sáré, wọ́n ń bú ara wọn pé ẹsẹ̀ ẹnì kejì ò yá, ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ sì bá wọn lẹ́nu ilẹ̀kùn gẹ́lẹ́.

Wọ́n kó o sí àárín ìjókòó, wọ́n kó o sábẹ́ tábìlì oúnjẹ Olúwa, wọ́n kó o sẹ́sẹ̀ pásítọ̀ fúnra rẹ̀. Òjò ń lu òrùlé. Gbogbo ìjọ jókòó, wọ́n tutù, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ ṣí Bíbélì, ó wá ibi tó dé, kò rí i.

"Ibo la dé?" ló bi wọ́n.

"Ẹ ti fẹ́ẹ̀ parí!" ni Dolfi dáhùn.

"Irọ́ ni," ni pásítọ̀ wí, ó sì ń bá ìwàásù lọ.